Bí Àjọ Aláàánú Ṣe Lè Mú Obìnrin Padà Sẹ́nu Iṣẹ́ Tí Ó Ń Mówó Wọlé: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Olùdarí

Ọ̀pọ̀ àjọ ní ilẹ̀ wa ni ó mọ bí a ti ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n á pe kábíyèsí àti alága ìjọba ìbílẹ̀, ogún obìnrin á tò sẹ́yìn ogún ẹ̀rọ, ayàwòrán á ya gbogbo wọn, oúnjẹ á sì kárí. Bí ẹ bá padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ó rí i pé àwọn kan ti ta ẹ̀rọ náà láti fi san owó ilé-ìwé, pé àwọn mìíràn fi aṣọ bò ó sí kọ̀rọ̀ yàrá, àti pé àwọn tí ń fi í jẹun kò pọ̀. Ohun tí ó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn àjọ náà ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí: bí obìnrin tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ bíbí, àìsàn, ikú ọkọ tàbí ìyapa yóò ṣe padà sí iṣẹ́ tí a ń sanwó lé lórí, tí owó náà yóò sì bọ́ sí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń darí àjọ kéékèèké ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ni mo ń bá sọ̀rọ̀, òfin Nàìjíríà sì ni gbogbo òfin tí mo bá dárúkọ.

Láti ẹ̀yìn ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹni tí yóò sanwó ni a ó kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ni a ó wá obìnrin, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yóò sì dúró dìgbà tí méjèèjì bá ti wà nílẹ̀. Àjọ tí ó bá yí ètò yìí padà yóò kàn máa kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ ni.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Àkọ́kọ́ ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ àjọ lọ́dọ̀ CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀, lábẹ́ Apá F òfin CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti àjọ, ti ọdún 2020, pẹ̀lú àwọn alámòójútó tí kò gbọdọ̀ dín ní méjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ SCUML, ẹ̀ka ìjọba tí ó ń gbógun ti fífọ owó èérú mọ́, tí báńkì máa ń béèrè kí ó tó ṣí àkáǹtì fún àjọ. Kí ènìyàn méjì tí kì í ṣe ará ilé kan náà máa bu ọwọ́ lu ìwé owó. Tọkọtaya tí ó dá àjọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ àwọn méjèèjì náà, bí ó ti wù kí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ tó.

Ẹ tún nílò òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tẹ̀lé àwọn obìnrin náà fún oṣù méjìlá, kí owó oṣù rẹ̀ fún ọdún náà sì ti wà nílẹ̀. Níkẹyìn, ẹ ya owó ìtọ́jú ọmọ àti owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ nínú ètò ìṣúná. Bí owó tí ó wà lọ́wọ́ kò bá ká gbogbo èyí, ẹ dín iye obìnrin kù, ẹ má ṣe dín àwọn nǹkan wọ̀nyí kù.

Ìpele kìíní: Ẹ wá ẹni tí yóò sanwó

Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ sì rìn yí agbègbè yín ká. Ẹ wọ ilé ìwòsàn aládàáni, ilé-ìwé, ilé búrẹ́dì, ilé ìtura, oko adìyẹ, àti ìsọ̀ àwọn tí ń rán aṣọ fún odidi ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bi wọ́n pé: irú òṣìṣẹ́ wo ni ẹ wá tí ẹ kò rí ní ọdún tí ó kọjá? Kí ni ẹni tí ó fi yín sílẹ̀ kẹ́yìn kò lè ṣe? Èló ni ẹ ń san, ọjọ́ wo nínú oṣù ni ẹ sì ń san án? Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn olùdarí ń tijú láti béèrè, òun sì ni ó wúlò jù, nítorí agbanisíṣẹ́ tí kò lè dárúkọ ọjọ́ owó oṣù kì í sábà san án déédéé.

Láti oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ni ₦70,000, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ ó bá pàdé ni yóò sì wà lára àwọn tí a yọ sílẹ̀ náà. Ẹ̀yin ni ẹ ó dúnàádúrà. Ẹ sì yọ owó ọkọ̀ kúrò kí ẹ tó pe owó ní owó: iṣẹ́ ₦45,000 tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gba ₦1,200 lójúmọ́ fún ọjọ́ 24 ti di ₦16,200 kí obìnrin náà tó ra omi mu. Mo rò pé kò yẹ kí àjọ kankan mú ènìyàn lọ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àyàfi bí ó bá wà ní ibi tí obìnrin náà lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Fún obìnrin tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tàbí òwò, oníbàárà ni agbanisíṣẹ́ rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá òun náà ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ adìrẹ ní Abẹ́òkúta, ẹ lọ sí Ìtòkú, kí ẹ bi àwọn tí ń tà á bóyá aládìrẹ ni wọ́n nílò tàbí ẹni tí yóò fi adìrẹ rán ṣẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ gàrí tàbí èlùbọ́ tí a dì sínú ọ̀rá tí a sì kọ orúkọ sí lára, ọ̀rọ̀ NAFDAC ti wọ̀ ọ́. Ẹ fi owó àti àkókò ìforúkọsílẹ̀ náà sínú ètò kí ẹ tó tẹ ọ̀rá kankan.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: olówó kan á sọ níbi ayẹyẹ pé, "Ẹ kó wọn wá, a ó rí ibi fi wọ́n sí." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ka ìlérí náà mọ́ iṣẹ́.

Àyẹ̀wò: ìwé kan wà lọ́wọ́ yín tí agbanisíṣẹ́ tàbí oníbàárà bu ọwọ́ lù, tí ó sọ irú iṣẹ́, iye owó, ọjọ́ ìsanwó àti àkókò tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń parí. Bí iṣẹ́ mẹ́jọ ni ẹ rí, obìnrin mẹ́jọ ni ẹ ó gbà.

Ìpele kejì: Ẹ yan àwọn obìnrin náà fúnra yín

Bí ẹ bá ní kí pásítọ̀, ìmáàmù, ìyálọ́jà tàbí káńsẹ́lọ̀ mú orúkọ wá, wọn yóò mú un wá, ṣùgbọ́n àwọn ìbátan àti ọmọlẹ́yìn wọn ni yóò kún inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín kéde, kí ẹ̀yin sì yàn.

Ẹ bá obìnrin kọ̀ọ̀kan jókòó lóun nìkan, láìsí ọkọ tàbí àna nítòsí. Kí òṣìṣẹ́ yín má ṣe pè é lórúkọ gán-ín bí ẹni ń pe ọmọ ilé-ìwé; bí ó bá jẹ́ ìyá ọmọ, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni kí wọ́n fi pè é, kí wọ́n sì fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ bí òṣìṣẹ́ náà tilẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tí ó ti wà nílé fún ọdún mẹ́jọ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfojútínrín tó, kò sì yẹ kí ó tún wá gbọ́ tiyín.

Ẹ bi í ní gbogbo ohun tí ó ti ṣe rí, títí kan èyí tí a kò sanwó rẹ̀ fún un. Obìnrin tí ó ti ń gba owó ẹgbẹ́ ọjà fún ọdún mẹ́wàá tí ìṣirò rẹ̀ kò sì ṣàṣìṣe ti ṣe iṣẹ́ akápò; ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí yóò mú lọ fún agbanisíṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé, "Bí ₦5,000 bá wọlé sí yín lọ́wọ́ lónìí, mà, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, ta ni yóò sì sọ ohun tí a ó fi ṣe?" Ìdáhùn rẹ̀ yóò sọ ohun tí fọ́ọ̀mù kò lè sọ fún yín. Obìnrin kan yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Èmi náà kọ́, àwọn ọmọ á ti jẹ ẹ́ tán kílẹ̀ ó tó ṣú." Òmíràn yóò kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà kí ó tó dáhùn. Ti ẹni kejì yìí ni kí òṣìṣẹ́ yín fi àmì sí, nítorí ìpele kẹta àti ìkẹrin yóò le fún un ju fún àwọn yòókù lọ.

Àyẹ̀wò: fún orúkọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ yàn, ẹ lè fi ìka tọ́ka sí iṣẹ́ kan pàtó nínú ìwé ìpele kìíní, kí obìnrin náà sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ẹ.

Ìpele kẹta: Ìwé ìdánimọ̀ àti àkáǹtì tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan

Owó oṣù tí ó bá gba inú àkáǹtì ẹlòmíràn kọjá kì í ṣe owó obìnrin náà. Kí ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dé, ó gbọ́dọ̀ ní NIN, BVN, síìmù tí a fi orúkọ rẹ̀ gbà, àti àkáǹtì tí òun nìkan ní àṣẹ lórí rẹ̀. A kì í san owó fún ìforúkọsílẹ̀ NIN àkọ́kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó, ẹ gba ibòmíràn lọ. Ní ìparí ọdún 2023, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, pàṣẹ pé gbogbo àkáǹtì gbọ́dọ̀ ní BVN tàbí NIN, títí kan àwọn kéékèèké tí a ti ń ṣí tẹ́lẹ̀ láìsí ìwé púpọ̀, nítorí náà kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú mọ́.

Orúkọ ni yóò kọ́kọ́ dá yín dúró. NIN lè máa jẹ́ orúkọ bàbá, kí BVN máa jẹ́ orúkọ ọkọ, kí ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé sì kọ Risikat níbi tí báńkì ti kọ Rasheedat. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó rìn dé báńkì. Ìwé ìbúra ní kọ́ọ̀tù àti ìkéde ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn ni àwọn ilé iṣẹ́ sábà máa ń béèrè, méjèèjì sì ń gba owó. Àjọ ni kí ó san án.

Ibi tí a ti ń ṣìnà jù lọ ni nọ́ńbà fóònù tí ó wà lára BVN. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó fi nọ́ńbà ọkọ, ti ẹ̀gbọ́n, tàbí ti ẹni tí ó bá wọn kọ fọ́ọ̀mù forúkọ sílẹ̀. Owó á wọlé, fóònù obìnrin náà kò ní dún. Ti ọkọ ni yóò dún ní ìsọ̀ mẹkáníìkì, kí ìyàwó sì tó délé, owó náà ti níṣẹ́ tí a yàn fún un. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni yóò lọ sí báńkì láti yí nọ́ńbà náà padà. Kí òṣìṣẹ́ yín sìn ín lọ, kí ó jókòó sẹ́yìn, kí ó má sì bá a dáhùn ìbéèrè àyàfi bí obìnrin náà bá yíjú sí i.

Ẹ̀yin náà ẹ má ṣe di ọkọ kejì. Àjọ kan kò gbọdọ̀ kọ PIN ẹnikẹ́ni sínú ìwé, kí ó má sì tọ́jú káàdì báńkì wọn "nítorí kí ó má baà sọnù." Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 de ẹ̀yin náà: ibi ìtìpa ni kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà NIN àti BVN sí, ẹ má sì fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kankan.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ₦200 ránṣẹ́ sínú àkáǹtì obìnrin náà bí ó ti jókòó níwájú yín. Kí fóònù rẹ̀ dún. Kí òun fúnra rẹ̀ ka iye tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì fi ₦100 ra káàdì ìpè láti inú àkáǹtì náà, láìgbé fóònù lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ìpele yìí kò tíì parí, bí ìwé gbogbo bá tilẹ̀ pé.

Ìpele kẹrin: Ọmọ àti ilé

Níbí ni ọ̀pọ̀ ètò ń kú sí, nítorí pé àwọn tí ń kọ ètò ìṣúná kì í ṣe àwọn tí ń lọ mú ọmọ nílé-ìwé. Ẹ bi obìnrin kọ̀ọ̀kan pé: láti aago méjì tí ilé-ìwé bá ti jáde títí di aago mẹ́fà tí ẹ ó délé, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ yóò wà? Lọ́jọ́ tí ibà bá mú ọmọ ńkọ́? "Ọlọ́run á ṣe é" jẹ́ àdúrà tí a ń ṣe àmín sí, ṣùgbọ́n a kò lè kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Orúkọ ènìyàn méjì ni ẹ ń fẹ́, kí òṣìṣẹ́ yín sì ti bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀.

Fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé, ẹ bá jẹ́lé-ó-sinmi tí ó wà nítòsí ibi iṣẹ́ ṣe àdéhùn, kí àjọ san owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pátápátá, kí ó san ìdajì fún oṣù mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, kí ìyá sì gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́yìn náà. Níbi tí kò ti sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ lè gba méjì nínú àwọn obìnrin náà láti máa tọ́jú ọmọ àwọn yòókù fún owó oṣù. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ nítorí pé ọmọ ni a ń tọ́jú.

Fún àwọn tí ń fún ọmọ lọ́mú, abala 54 òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún wọn ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fi fún ọmọ lọ́mú lásìkò iṣẹ́, ó sì fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú owó tí kò dín ní ìdajì fún ẹni tí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú agbanisíṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé ó wà, wọn kì í sì í bá a jà bí wọ́n bá rí i lórí ìwé.

Ní ti ọkọ, ẹ má ṣe ní kí ó bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìyọ̀nda. Bí ẹ bá ti gba ìyọ̀nda lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti fún un ní àṣẹ láti gbà á padà. Ẹ pe ìpàdé kan, kí obìnrin tí ó bá fẹ́ kí ọkọ òun wá mú un wá, kí ẹ sì ṣàlàyé àkókò iṣẹ́ àti ọ̀nà tí a fi lè kàn sí yín. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ ti bá obìnrin náà jókòó lórí ohun kan: ní ọ̀pọ̀ ilé, bí owó ìyàwó bá ṣe ń wọlé ni owó oúnjẹ láti ọwọ́ ọkọ ń dín kù. Kí ó ti pinnu iye tí yóò máa mú wá fún ilé kí owó oṣù àkọ́kọ́ tó dé, nítorí pé lẹ́yìn tí ó bá ti ná gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojúṣe rẹ̀ ni wọn yóò máa pè é.

Ìkìlọ̀: bí ẹ bá rí àmì pé wọ́n ń lù ú tàbí pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má ṣe pe àwọn ẹbí fún ìlàjà, ẹ má sì lọ bá ọkọ sọ̀rọ̀. Ẹ darí obìnrin náà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn ni: DSVA, àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ ní Èkó, ẹ̀ka FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, ní ìpínlẹ̀ yín, tàbí ọ́fíìsì ìdàgbàsókè àwùjọ ní ìjọba ìbílẹ̀. Òfin VAPP, tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ti ọdún 2015 ka fífi ipá mú ènìyàn kí ó má lè dá ní owó tirẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ wa sì ti ṣe òfin tiwọn lórí ìwà ipá nínú ilé.

Àyẹ̀wò: ẹ jẹ́ kí obìnrin náà lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko bí ẹni pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ó jáde ní àkókò iṣẹ́, kí ó sì padà ní àkókò iṣẹ́. Ohun tí yóò bá bàjẹ́ yóò bàjẹ́ nígbà tí ẹ ṣì lè tún un ṣe.

Ìpele karùn-ún: Ẹ̀kọ́

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí agbanisíṣẹ́ sọ pé òun kò rí ni ẹ ó kọ́ wọn, ní àkókò tí àwọn ọmọ wà nílé-ìwé, pẹ̀lú owó ọkọ̀ ojoojúmọ́. Bí ó bá lè parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má ṣe fà á dé oṣù mẹ́fà láti tẹ́ olùrànlọ́wọ́ lọ́rùn. Fún aránṣọ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, ẹ forúkọ wọn sílẹ̀ fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ń ṣe, nítorí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ níyì ju èyí tí ẹ fúnra yín tẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti jìnnà sí iṣẹ́ gan-an nílò ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́nu iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí a sì sanwó rẹ̀ fún un.

Ìpele kẹfà: Nígbà tí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ́ wọn nípa owó, nígbà tí owó ti wà lọ́wọ́, kì í ṣe ṣáájú. Fún oníṣòwò, ìwé olójú méjì tó: ojú owó lápá kan, èrè lápá kejì, kí oúnjẹ ilé sì jáde láti inú èrè nìkan.

Fún ìfowópamọ́, ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni kí ẹ kọ́lé lé lórí. Alájọ ojoojúmọ́ dára fún ẹni tí owó kì í gbé lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó mọ iye tí ó ń san: ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 jẹ́ ₦15,500, alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan, ₦15,000 ni yóò sì dé ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún irú ẹgbẹ́ yìí ni àpótí alágàdágodo mẹ́ta: ọmọ ẹgbẹ́ 15 sí 25, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa fi owó ra ìpín kan sí márùn-ún ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àpótí lọ́dọ̀ ẹni kẹrin, kí wọ́n sì pín gbogbo owó náà lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá. Kí òṣìṣẹ́ yín má ṣe di kọ́kọ́rọ́ kankan mú.

Ní ti ẹ̀yáwó, ẹ jókòó ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Bí a bá yá obìnrin kan ní ₦100,000 fún oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú èlé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí gbogbo owó náà, nǹkan bí ₦21,667 ni yóò máa san lóṣooṣù. Ní oṣù kẹfà, gbèsè tí ó kù lọ́rùn rẹ̀ kò tó ₦17,000, síbẹ̀ ₦5,000 náà ni èlé rẹ̀. Ìdá márùn-ún tí wọ́n fi pè é ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa béèrè ohun kan kí wọ́n tó bu ọwọ́ lùwé: "Ṣé orí owó tí ó kù ni ẹ ń ṣírò èlé, tàbí orí gbogbo rẹ̀?" Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ń ṣírò rẹ̀ lórí èyí tí ó kù sàn jù.

Àyẹ̀wò: ní ìparí oṣù kẹta, obìnrin náà lè sọ iye tí ó wọlé, iye tí ó lọ sí ilé, àti iye tí ó kù ní orúkọ rẹ̀, láìwo ojú òṣìṣẹ́ yín.

Ìpele keje: Ẹ tẹ̀lé wọn fún ọdún kan

Ẹ kàn sí obìnrin kọ̀ọ̀kan ní oṣù kìíní, ìkẹta, ìkẹfà àti ìkejìlá. Ohun kan náà ni kí ẹ máa béèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, èló ni ó gbà lóṣù tí ó kọjá, àkáǹtì ta ni ó wọlé sí, ta ni ó pinnu bí a ṣe ná an. Ìdáhùn wọ̀nyí ni kí ẹ gbé síwájú ìgbìmọ̀ alámòójútó àti àwọn olùrànlọ́wọ́, kì í ṣe iye àwọn tí ó wá síbi ayẹyẹ. Ó lè ṣòro láti sọ fún ẹni tí ó fún yín lówó pé mẹ́ta nínú mẹ́jọ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ tí kò bá lè gbọ́ ọ kò ní pẹ́ fi yín sílẹ̀ lọ́nàkọnà.

Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sí ìlà ẹ̀kọ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó fà á: bí ó bá jẹ́ ọmọ, ìpele kẹrin ni ẹ ó tún ṣe, bí agbanisíṣẹ́ ni kò sanwó, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé yín, kí ẹ sì bá obìnrin náà béèrè gbèsè rẹ̀.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: kí ọ̀kan nínú àwọn alámòójútó, tí kì í ṣe olùdarí, mú orúkọ mẹ́ta láti inú ìwé láìṣà wọ́n, kí ó sì pe àwọn obìnrin náà fúnra rẹ̀. Bí ohun tí ó gbọ́ bá yàtọ̀ sí ohun tí ó wà nínú ìwé, ẹ má ṣe gba ẹgbẹ́ tuntun wọlé títí tí ẹ ó fi pe gbogbo àwọn tí ó ṣẹ́ kù.